Ìtàn Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, Olórin Ìjọ Ọlọ́run

Nínú àwa tí a jọ ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ni a ti rí ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Benin, ọmọ Tógò, ọmọ Burkina Faso, àti àwọn onílẹ̀ fúnra wọn, ìyẹn ọmọ Côte d'Ivoire. Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó ń ṣí abala Yorùbá ìwé ìròyìn wa yìí ni ó mu èdè náà mọ́ ọmú ìyá rẹ̀. Nítorí náà ni èmi yóò ṣe gbìyànjú láti sọ ọ̀rọ̀ mi ní ẹsẹẹsẹ, kí ó lè yé onílé, kí ó sì yé àlejò. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, ìwé mẹ́fà ni mo gbà kí n tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́. Bí ẹ bá rí àṣìṣe níbẹ̀, ẹ fi ojú àánú wò ó.

Àwọn àgbà máa ń wí pé bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í sì í mọ̀ ọ́n. Tipẹ́tipẹ́ ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, ṣùgbọ́n èmi kò mọ bí ó ti jinlẹ̀ tó títí di ọjọ́ ìsinmi kan ní Bouaké níbí. Mo ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi ti àwa Yorùbá. Ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn oníṣòwò tí ó ti Ẹ̀jìgbò, Ògbómọ̀ṣọ́ àti àwọn ìlú bẹ́ẹ̀ wá ni púpọ̀ nínú wọn. Faransé ni wọ́n ń sọ ní ilé-ẹ̀kọ́, Júlà ni wọ́n ń sọ ní ọjà, Yorùbá ni wọ́n sì ń gbọ́ ní ilé. Mo mú orin kékeré kan tí mo gbọ́ ní èdè Faransé, mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, mo sì fi ohùn tí mo bá a ní kọ́ wọn. Orin náà sọ nípa ayọ̀ àwọn tí ń lọ sí ọ̀run.

Inú mi dùn púpọ̀, mo rò pé iṣẹ́ olùkọ́ gidi ni mo ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ìparí ìlà kìíní, ọmọdékùnrin kan fi ọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó wo ẹnìkejì rẹ̀, àwọn méjèèjì sì bú sẹ́rìn-ín. Kí n tó mọ ohun tí ó dé, gbogbo kíláàsì ti di ọrùn mú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo bínú. Mo bá ọmọ náà wí níwájú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ títí omi fi lé ròrò sí i lójú.

Díákónì àgbà kan wà nínú ìjọ wa tí ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú ẹgbẹ́ akọrin. Bàbá Díákónì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ó jókòó lẹ́yìn ní ọjọ́ náà, kò rẹ́rìn-ín, kò sì sọ nǹkan kan títí àwọn ọmọ fi tú ká. Nígbà náà ni ó pè mí, ó ní kí n sọ ìlà orin náà lẹ́nu lásán. Mo sọ ọ́. Ó ní kí n wá kọ ọ́ lórin. Mo kọ ọ́. Níbẹ̀ ni etí mi là. Ohùn orin náà wálẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ náà ti yẹ kí ó gòkè, ó sì ti sọ ọ̀run di ọrùn. Mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ láti kọrin pé à ń lọ sí ọrùn! Kì í ṣe ọmọ náà ni ó ṣẹ̀, èmi ni. Òun ni ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá dáadáa nínú ilé náà.

Lẹ́yìn èyí ni Bàbá Díákónì bi mí bóyá mo mọ ìtàn Àlùfáà Ransome-Kuti ará Abẹ́òkúta. Mo ní mo mọ orúkọ Fẹlá. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní bàbá-bàbá Fẹlá ni òun ń wí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ìtàn ọkùnrin yìí kiri. Kì í ṣe Onítẹ̀bọmi. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe kò mọ sí ìjọ kan ṣoṣo, ó sì yẹ kí olúkúlùkù olùkọ́ mọ̀ ọ́n.

A bí Josiah Jesse Ransome-Kuti ní ọjọ́ 1, oṣù kẹfà, ọdún 1855, ní Ìgbẹ̀in ní ìlú Abẹ́òkúta. Ìlú náà kò tíì pẹ́ nígbà náà. Ní nǹkan bí ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá, tí ogun ti fọ́ ìlú wọn, sá wá sábẹ́ òkè Olúmọ tí wọ́n sì tẹ̀dó síbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1843 ni Henry Townsend ti ìjọ C.M.S. kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, àwọn ọmọ Ẹ̀gbá tí a ti kó lẹ́rú rí sì ń ti Sàró padà bọ̀ wá sílé pẹ̀lú ìwé àti orin ìgbàgbọ́. Ahunṣọ ni Likoye Kuti, bàbá Josiah, ẹ̀sìn àwọn baba rẹ̀ ni ó sì dì mú. Ìyá rẹ̀, Anne Ekidan Efupeyin, ni onígbàgbọ́. Ilé tí ọmọ náà dàgbà sí kì í ṣe ilé olóhùn kan: bí ó ti ń gbọ́ orin ìjọ ní ẹnu ìyá ni ó ń gbọ́ orin ìbílẹ̀ láàárín ẹbí bàbá. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ó wá ṣe lẹ́yìn ọ̀la yóò rí i pé etí méjèèjì ni ó fi gba ẹ̀kọ́.

A fi Josiah sí ilé-ẹ̀kọ́ C.M.S. tí a ti ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́ àti oníwàásù ní Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹwàá, ọdún 1867, nígbà tí ó pé ọmọ ọdún méjìlá, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn Ẹ̀gbá àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà ní Èkó. Àwọn Ẹ̀gbá rò pé àwọn aláwọ̀ funfun fẹ́ gba ọ̀nà àti ìlú mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n lé àwọn òyìnbó ajíhìnrere jáde, wọ́n fọ́ ilé ìsìn, wọ́n sì ba ohun tí ó wà nínú wọn jẹ́. Ìfọ́lé ni a ń pe ọ̀rọ̀ náà títí di òní. Ilé-ẹ̀kọ́ náà kó lọ sí Èkó, Josiah sì parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí mo kà á dé ibí yìí, mo dákẹ́ díẹ̀, nítorí àwa tí a dàgbà ní Bouaké mọ bí ìlú ti í rí nígbà tí a bá fọ́ ilé tí a sì tú ẹgbẹ́ akọrin ká. Èmi yóò padà sórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ní ọdún 1871 ni Josiah di olùkọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún péré ni. Ilé-ẹ̀kọ́ Pétérù Mímọ́ ní Aké, Abẹ́òkúta, ni wọ́n fi í sí, ó sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn: kí a tó pè é ní àlùfáà, kí a tó pè é ní olórin, olùkọ́ ọmọdé ni. Ní ọdún 1879 ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin ti C.M.S. ní Èkó, iṣẹ́ tí a sì fi lé e lọ́wọ́ níbẹ̀ ni ẹ̀kọ́ orin. Ó mọ dùùrù tẹ̀, ohùn rẹ̀ sì dára. Ní ọdún 1882 ó gbé Bertha Erinade Olubi níyàwó.

Nígbà tí ó yá, ó padà sí ilé, ó sì di katikísì ìjọ ní Gbágùrá ní Abẹ́òkúta. Ní ọdún 1895 a fi jẹ díákónì, ní ọdún 1897 a sì fi jẹ àlùfáà. Nínú ìjọ Áńgílíkà, oyè díákónì ni àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ sí iṣẹ́ àlùfáà. Kò rí bíi ti àwa Onítẹ̀bọmi, níbi tí díákónì ti jẹ́ àgbà ìjọ tí ń bá iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nínú ìjọ méjèèjì, ìránṣẹ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí orin nínú ìjọ nígbà náà, kí iṣẹ́ ọkùnrin yìí lè yé wa. Àwọn ajíhìnrere mú orin wá láti Ìlú Ọba. Wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ àwọn orin náà sí Yorùbá, ṣùgbọ́n ohùn òyìnbó tí wọ́n bá wọn wá ni wọ́n fi ń kọ wọ́n. Ìwé orin tẹ̀ síwájú, Bíbélì pẹ̀lú tẹ̀ síwájú. Ní ọdún 1884 ni gbogbo Bíbélì pé ní èdè Yorùbá, iṣẹ́ tí Samuel Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n wàhálà kan wà tí ìtumọ̀ nìkan kò lè tán.

Ẹ̀yin tí kì í ṣe Yorùbá, ẹ gbọ́ bí ó ti rí. Nínú èdè wa, ohùn mẹ́ta ni ó wà: ti ìsàlẹ̀, ti àárín, àti ti òkè. Lẹ́tà kan náà lè di ọ̀rọ̀ mẹ́rin bí ohùn bá yí padà. Igba ni iye tí ó jẹ́ ọgọ́rùn-ún méjì. Igbá ni ohun tí a fi ń bu omi. Ìgbà ni àkókò. Ìgbá sì ni èso kan tí a fi ń se ọbẹ̀. Ìyá ni ẹni tí ó bí ni; ìyà ni ohun tí ń jẹ aláìní. Nítorí èyí ni ìlù dùndún fi lè sọ̀rọ̀ láìní ahọ́n: ohùn ni ó ń tẹ̀ lé. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ Baúlé, Ewé, Fọ̀n tàbí Júlà, mo gbọ́ pé èdè yín pẹ̀lú ń lo ohùn báyìí, nítorí náà ọ̀rọ̀ mi kò ní ṣàjèjì sí yín. Wàyí o, bí a bá mú ohùn orin tí a ṣe fún èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí kò bìkítà bí ọ̀rọ̀ ti gòkè tàbí ti wálẹ̀, tí a sì gbé e lé Yorùbá lórí, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Ẹni tí ó ń kọ ọ́ mọ ohun tí ó fẹ́ wí, nítorí ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó ń gbọ́ ọ láìsí ìwé yóò gbọ́ ohun mìíràn, tàbí kí ó má tilẹ̀ gbọ́ nǹkan kan. Àwọn tí kò mọ ìwé ni wọ́n sì pọ̀ jù ní Abẹ́òkúta nígbà náà. Àwọn gan-an ni ajíhìnrere ń wá.

Wàhálà kejì tún wà. Orin òyìnbó a máa ní ẹsẹ mẹ́rin tàbí márùn-ún, ohùn kan náà ni a sì fi ń kọ gbogbo wọn. Bí ohùn náà bá tilẹ̀ ṣe déédéé pẹ̀lú ẹsẹ kìíní, ọ̀rọ̀ ẹsẹ kejì kò ní gòkè, kò sì ní wálẹ̀ ní ibi kan náà. Ẹni tí ó bá tún ìkan ṣe yóò ba èkejì jẹ́.

Ohun tí Josiah Ransome-Kuti ṣe ni pé ó yí iṣẹ́ náà padà láti ìdí. Kò bẹ̀rẹ̀ láti orí ohùn òyìnbó. Orí ọ̀rọ̀ Yorùbá ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó mú irú ohùn orin tí àwọn ará ilé rẹ̀ ń kọ ní oko, ní ibi eré àti ní ibi àríyá, ó sì fi ọ̀rọ̀ Ìhìnrere sí i, kí orin lè máa gòkè níbi tí ẹnu ń gòkè, kí ó sì máa wálẹ̀ níbi tí ẹnu ń wálẹ̀. Ó lo lílé àti gbígbè, bí a ti í ṣe é láàárín wa: ẹnì kan á lé orin, àwọn tí ó kù á gbè é. Ẹni tí ó ń lé lè yí ọ̀rọ̀ padà bí ẹsẹ ti ń lọ, kí ó sì yí ohùn tẹ̀ lé e. Ègbè nìkan ni kò yí. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe bọ́ nínú wàhálà kejì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Arúgbó tí kò mọ ìwé lè gbè é ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ó bá gbọ́ ọ, kí ó sì mọ ohun tí ó ń wí.

Ó tẹ̀ síwájú ju inú ilé ìsìn lọ. Àwọn tí ó kọ ìtàn rẹ̀ sọ pé ibikíbi tí ó bá dé ni ó ti máa ń kọrin, tí àwọn ènìyàn á sì máa péjọ nítorí ohùn rẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀ pé ìwàásù ni wọ́n wá gbọ́. Àlùfáà olórin ni a mọ̀ ọ́n sí, orúkọ náà kò sì kúrò lára rẹ̀ títí ó fi kú.

Kí a má ṣe rò pé ọ̀nà tí ó gbà yìí rọrùn lójú gbogbo ènìyàn nígbà náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn onígbàgbọ́ àkọ́kọ́ gbà pé ohunkóhun tí ó bá jọ orin ìbílẹ̀ ní òórùn òrìṣà lára, ìlù kò sì gbọ́dọ̀ wọ ilé ìsìn. A kò lè dá wọn lẹ́bi pátápátá, nítorí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ohun kan sílẹ̀ ni, ẹni tí ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ sá kúrò nínú ilé kì í fẹ́ gbọ́ ohùn ilẹ̀kùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ti ń ronú bíi tirẹ̀. Láàárín àwa Onítẹ̀bọmi, Mọjọlá Agbebi, tí a bí ní ọdún 1860 tí a kọ́kọ́ ń pè ní David Brown Vincent, wà lára àwọn tí ó dá ìjọ Onítẹ̀bọmi ti ọmọ ìbílẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1888. Ó bọ́ orúkọ òyìnbó sílẹ̀, ó sì ń wọ aṣọ ilẹ̀ wa. Nínú ìwàásù ńlá kan tí ó ṣe ní Èkó ní ọdún 1902, ó kọ́ni pé ìwé orin àti dùùrù òyìnbó kì í ṣe ìpìlẹ̀ ìgbàgbọ́. Agbebi fi ẹnu sọ ọ́. Ransome-Kuti fi orin ṣe é. Ìyàtọ̀ wà láàárín wọn: Agbebi kúrò lábẹ́ àwọn òyìnbó, Ransome-Kuti dúró nínú ìjọ rẹ̀, ó sì yí i padà láti inú.

Ipò rẹ̀ sì ń ga sí i. Ní ọdún 1911 a fi í ṣe alábòójútó iṣẹ́ ìjọ náà ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn náà ó di olùṣọ́-àgùntàn ìjọ Pétérù Mímọ́ ní Aké, ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bí ọ̀dọ́mọdé olùkọ́. Àkókò tí ó le ni fún àwọn Ẹ̀gbá: ní ọdún 1914 ni òmìnira ìjọba wọn parí tí wọ́n bọ́ sábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pátápátá, ní ọdún 1918 sì ni ogun Àdùbí jà. Ní ọdún 1922 a fi í jẹ kánọ́nì ní ilé ìsìn Kátídírà ti Kristi ní Èkó.

Ní àwọn ọdún 1920 náà ni ó rìnrìn àjò sí London tí ilé-iṣẹ́ Zonophone sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sínú àwo. Orin tí ó kọ lé ní ogójì. Ẹ rántí pé àwo ìgbà náà kì í gba orin púpọ̀: ojú kan kò lè gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, bí ó bá sì bọ́ lọ́wọ́ ẹni, ó fọ́ nìyẹn. Àgbà tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí wọ́n bí sí ìlú tí kò tíì mọ iná mànàmáná, dúró ní ìlú òyìnbó, ó sì ń kọrin Ọlọ́run ní ohùn Ẹ̀gbá. Ó wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ó kọ́kọ́ gba orin sílẹ̀ sínú àwo. Bí ó bá jẹ́ orin òyìnbó ni ó kọ, ta ni ì bá rà á? Àwọn akọrin Gẹ̀ẹ́sì kò wọ́n ní London. Ohun tí ó ti ilé mú lọ ni ó sọ ọ́ di ẹni tí a ń wá.

Josiah Jesse Ransome-Kuti kú ní ọjọ́ 4, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1930, ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin.

Igi tí ó gbìn kò kú pẹ̀lú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀, Israel Oludotun, di olùkọ́ bíi ti bàbá rẹ̀; òun ni ọ̀gá Ilé-ẹ̀kọ́ Gíga ti Abẹ́òkúta láti ọdún 1932 títí di 1954, òun sì ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún Ẹgbẹ́ Àwọn Olùkọ́ Nàìjíríà tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1931. Fúnmiláyọ̀, aya Israel, ni ó ṣíwájú àwọn obìnrin Ẹ̀gbá nínú ìjà owó orí. Nínú àwọn ọmọ wọn ni Olikoye, oníṣègùn tí ó di mínísítà ìlera, Bẹ́kọ̀, oníṣègùn tí ó jà fún ẹ̀tọ́ ará ìlú, àti Fẹlá, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀. Wọlé Ṣóyínká, tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1986, jẹ́ ọmọ tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin bí. Ọ̀nà tí Fẹlá gbà jìnnà sí ti bàbá-bàbá rẹ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí bí Fẹlá ti máa ń lé orin tí àwọn obìnrin rẹ̀ sì ń gbè é, ẹ ó rí i pé ilé kan náà ni wọ́n ti jáde. Nínú ìjọ pẹ̀lú, àwọn mìíràn gba ọ̀pá náà. Thomas Ekundayo Phillips, tí ó tẹ dùùrù ní Kátídírà ti Èkó láti ọdún 1914 títí di 1962, fi ìmọ̀ ìwé wádìí bí orin yóò ṣe máa tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá, ó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1953.

Ẹ̀yin ọmọ onílẹ̀, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ Abẹ́òkúta nìkan ni mo ń sọ. Ní ọdún 1913, wòlíì William Wadé Harris, ọmọ Gírébò láti Liberia, fi ẹsẹ̀ rìn wọ Côte d'Ivoire pẹ̀lú ọ̀pá àgbélébùú àti igbá ṣẹ́kẹ́rẹ́. Àwọn òpìtàn ṣírò pé ó tó 100,000 ènìyàn tí ó ṣe ìrìbọmi fún kí ìjọba Faransé tó lé e jáde ní ìparí ọdún 1914. Nígbà tí àwọn tí ó gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ bi í léèrè orin tí wọn yóò máa kọ sí Ọlọ́run, ó ní kí wọ́n lo orin tiwọn, kí wọ́n kàn yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà sí ìyìn. Harris àti Ransome-Kuti jẹ́ ẹgbẹ́ nínú ọjọ́ orí, ọ̀nà wọn sì jìnnà síra; síbẹ̀ èrò kan náà ni ó dé ọkàn wọn.

Mo ṣèlérí pé èmi yóò padà sórí ọ̀rọ̀ ìfọ́lé. Ní oṣù kẹsàn-án, ọdún 2002, nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí, Bouaké bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí di ọdún 2011. Ọmọ ọwọ́ ni mo jẹ́ nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi ni ó sọ ọ́ fún mi. Ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá di ẹrù wọn, wọ́n sá lọ sí gúúsù tàbí padà sí Nàìjíríà. Àwọn tí ó kù ń péjọ díẹ̀díẹ̀ nínú yàrá, ìwé orin kò sì tó wọn. Bàbá Díákónì ni ó ń lé orin fún wọn ní ohùn jẹ́jẹ́. Ó sọ fún mi pé òun ṣàkíyèsí nǹkan kan nígbà náà: orin tí ohùn rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ mu kò sọnù lẹ́nu ẹnikẹ́ni, bí ìwé kò tilẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n àwọn tí ohùn wọn kò bá ọ̀rọ̀ mu, ẹsẹ kìíní nìkan ni àwọn ènìyàn rántí, ìyókù di ìkùnsínú. Ìwé ni ó gbé irú orin bẹ́ẹ̀ dúró. Nígbà tí ìwé lọ, orin lọ.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo ti kọ́ ohun kan tí mo fẹ́ fi sílẹ̀ fún yín. Kí ẹ tó kọ́ ọmọdé ní orin ní èdè tí ó ní ohùn, ẹ kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́nu bí ẹni ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pa ẹnu dé kí ẹ kùn ún, kí ẹ gbọ́ ibi tí ó gòkè àti ibi tí ó wálẹ̀. Ohùn tí ẹ bá gbọ́ yìí ni egungun orin náà. Ẹ fi ẹran sí i bí ó ti wù yín, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ṣẹ́ egungun rẹ̀. Bí ọmọdé bá sì rẹ́rìn-ín, ẹ kọ́kọ́ wo iṣẹ́ ọwọ́ yín kí ẹ tó wo ọ̀pá.

Ní ọjọ́ ìsinmi tí ó tẹ̀ lé èyí tí mo sọ, mo dúró níwájú àwọn ọmọ náà, mo sì bẹ ọmọdékùnrin tí mo bá wí. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo ṣe é. Mo bi í léèrè bí òun yóò ṣe kọ ìlà náà bí ó bá jẹ́ tirẹ̀. Ó ronú díẹ̀, ó wo òkè àjà, ó sì kọ ọ́: ohùn náà bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ó sì gòkè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ọ̀rọ̀ náà ti gòkè. Àwọn yòókù gbè é láìjẹ́ pé mo sọ fún wọn. Kò sí ẹni tí ó fi ọwọ́ kan ọrùn. Bàbá Díákónì wà lẹ́yìn ní àyè rẹ̀, ó ń fi ìka lu ẹ̀yìn àga tí ó wà níwájú rẹ̀.